Etí Ìwé Tó Ń Fẹ̀ Sí I

Akọ̀wé lọ́ọ́yà ló kọ́kọ́ dá ìwé padà. Ó rọra gbé e lé orí tábìlì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo èyí."

Ìyá Atẹ̀wé wò ó. Ó wò ó dáadáa, nítorí kì í ṣe obìnrin tó ń fi iṣẹ́ ṣeré. "Kí ló ṣe é?"

"Etí ẹ̀ ni, mà."

"Etí ẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ní láti gbé ìka lé e kí Ìyá Atẹ̀wé tó rí i. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ fún ọ̀rọ̀ jọ sáàárín láti fi àyè sílẹ̀. Ó jẹ ẹ́ ni. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ó sì dópin kó tó parí, bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Atẹ̀wé tọrọ àforíjì, ó ní kó jókòó, ó sì kọrí sí yàrá ẹ̀yìn láti tún un tẹ̀. Bó ṣe ń wọlé ni èjìká rẹ̀ òsì kọ lu férémù ilẹ̀kùn. Ó bú férémù náà, ó sì kọjá.

Ọkọ rẹ̀ ló fi ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀ fún un. Nígbà ayé rẹ̀, Aláṣẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó rí i kó fi máòsì ṣe nǹkan kan rí. Ojú dúdú kan báyìí ló máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà, á wá máa fi lẹ́tà kọ ohun tó fẹ́ sí i: ẹ̀dà mélòó, ojú kan tàbí ojú méjì, kí ìwé dúró tàbí kó dùbúlẹ̀, kí etí rẹ̀, àyè funfun tí a ń fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, fẹ̀ tó báyìí. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, ẹ̀rọ á hó, á sì ṣe bó ṣe wí, kò ní yẹ̀. "Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ló ń nawọ́ sí nǹkan," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń fi máòsì tẹ̀wé. "Àgbà a máa sọ ohun tó fẹ́." Ìyá Atẹ̀wé sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe wà gan-an. Nígbà tí àìsàn mú ọkọ lọ lójijì, ìyàwó jókòó sórí àga rẹ̀, kò sì sí oníbàárà tó mọ ìyàtọ̀.

Ó ṣí ojú dúdú náà. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ ẹ̀dà méjì, ojú méjì, kí etí ìwé má sí rárá, òdo gbáà. Ẹ̀rọ hó, ó tu ìwé jáde. Ìwé náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yí ká, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n tún fi nǹkan hàn án tí òun fúnra rẹ̀ kò rí. Àyè funfun náà fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Akọ̀wé lọ́ọ́yà ní kò burú, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ atẹ̀wé mìíràn lọ. Kò burú tí ẹ gbọ́ yẹn, ó burú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tí Ìyá Atẹ̀wé bá fọwọ́ ara rẹ̀ rán sí ẹ̀rọ, etí rẹ̀ kì í pé. Ó tú ẹ̀rọ, ó nu inú rẹ̀, ó pààrọ̀ íǹkì, ó pààrọ̀ bébà, ó tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àyè funfun ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀ yàrá tí a kò mọ ibi tó ti ń jò.

Nílé, àwọn nǹkan kéékèèké kan náà ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ó ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Ó ń tẹ ológbò nírù. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Tíṣà, kò yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mọ́mì, ẹ̀yin àti férémù ilẹ̀kùn yìí, kí lẹ jà sí?"

"Nígbà tó o bá dàgbà bíi tèmi, wàá mọ̀ pé ilẹ̀kùn a máa rìn."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà kò wá yé e mọ́, ó ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Afínjú ni Ìyá Atẹ̀wé ń pè é, nítorí kì í jókòó lórí àga tí kò bá tíì fi áńkáṣífù nù ún. Ó nu àga, ó jókòó, ó na ìka.

"Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fà á."

"Ẹ̀gbọ́n yín tó ti kú?"

"Ẹ gbọ́ ná. Tí nǹkan bá wù wọ́n, wọ́n máa ń ní kí kọ̀ǹpútà máa rántí ẹ̀, kó máa dá a ṣe, kí wọ́n má baà máa tún un sọ. Ó dájú pé wọ́n ti fi etí ìwé kan pamọ́ síbẹ̀. Màá yọ ọ́ báyìí."

Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀. Ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wà mọ́ bí àwo tí ajá lá. Ó họ orí. Ó ní kí Ìyá Atẹ̀wé tẹ iṣẹ́ kan lójú òun. Ìyá Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́, ìwé jáde, etí rẹ̀ ti lọ. Afínjú wá ní kí kọ̀ǹpútà fi àṣẹ tó gbà kẹ́yìn hàn òun, bó ṣe gbà á gan-an.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Atẹ̀wé wà níbẹ̀: ẹ̀dà kan, ojú méjì. Àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Àwọn mìíràn tò tẹ̀ lé e: etí ìsàlẹ̀, etí òkè, etí ọ̀tún, etí òsì, iye tí kálukú fẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ti òsì ló fẹ̀ jù.

Ohùn Afínjú wálẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ ò tẹ èyí."

"Mi ò tẹ̀ ẹ́."

"Mo ń wo ọwọ́ yín. Ẹ ò tẹ̀ ẹ́."

Ìyá Atẹ̀wé ti sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń wo àlàfo tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ náà. Méjì méjì ni. Gbogbo ayé, àlàfo kan ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Gbogbo ayé náà ló sì ń ka etí ìwé láti òkè wá. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó ń fi àlàfo méjì méjì sáàárín, tí ìjà kékeré wọn lórí ọ̀rọ̀ náà kò sì tán títí tó fi kú. Ìyá Atẹ̀wé a ní, "Ṣé ẹsẹ̀ lẹ máa ń kọ́kọ́ fọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ nílé yín?" Ọkọ rẹ̀ a ní, "Tí wọ́n bá ń kọ́lé, ṣé òrùlé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀?"

Ọwọ́ wọn méjèèjì kò sí lórí bọ́tìnnì nígbà náà. Bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí a fi ń fi àlàfo sílẹ̀, rọra wọlẹ̀, ó gòkè. Ó tún wọlẹ̀, ó gòkè. Ó dún ko, ko. Kò sí nǹkan mìíràn tó mira nínú yàrá náà.

Afínjú dìde. "Èyí kọjá ohun tí mo lè tún ṣe," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn nítòsí. Ó jáde lọ, ó sì gbàgbé áńkáṣífù rẹ̀ sórí àga.

Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí lè máa retí pé kí Ìyá Atẹ̀wé figbe ta. Kò ta. Obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ìhanrun ọkùnrin kan kì í bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀ kìkì nítorí pé ó kú. Inú bí i ni. Lẹ́yìn tí inú bí i tán, ó wá dùn ún.

"Bàbá Tíṣà," ó wí fún àga tó ṣófo, "kí ni mo ṣe yín? Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n máa ṣe iṣẹ́ yín mọ́ ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa ṣọ́ọ̀bù rẹ́?"

Ẹ̀rọ náà kàn ń tutù, ó ń dún táì-táì bó ṣe ń tutù.

Láti ọjọ́ yẹn ni etí ìwé kò ti wọlé ní títọ́ mọ́. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́kọ́ ṣá, wọ́n yí roboto. Ìwé wá ń jáde ní funfun yí ká, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó kóra jọ sójú kan láàárín bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì lára ògiri. Kò rí roboto tán náà. Lókè lápá òsì, ó ní ibi tó jìn wọnú, bí ibi tí èèyàn ti bu búrẹ́dì jẹ. Ìyá Atẹ̀wé sọ fún Afínjú lórí fóònù. Afínjú ní kò sí àṣẹ kankan láyé yìí tí èèyàn lè kọ tí yóò mú kí etí ìwé rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n dákun kí wọ́n má pe òun síbẹ̀ mọ́, ó sì fi ìfẹ́ kí gbogbo ilé.

Ìwé ìdánwò iléèwé Tíṣà ló wá dójú tì í pátápátá. Ọ̀gá iléèwé gbé iṣẹ́ náà fún un nítorí ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì dá padà, ìbéèrè tí kò ní orí, ìdáhùn tí kò ní ìdí. Ìtìjú bá ìyá, ìtìjú bá ọmọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Ìyá Atẹ̀wé kò jẹun. Ó ní òun yóò ta ẹ̀rọ náà.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ Dádì?"

"Dádì ẹ ni kò fẹ́ kí n máa lò ó. Ó ti sọ ọ́, mo sì ti gbọ́." Ó ń fi etí aṣọ nujú bó ṣe ń wí i. "Tí èèyàn ò bá fẹ́ni mọ́, a kì í fi ipá mú un. Ó kàn dùn mí pé ó ní láti kú tán kó tó sọ ọ́ ni."

Ọkùnrin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ dé ní ọ̀sán, ó dé fìlà, ó ń fẹjú mọ́ gbogbo nǹkan bí àwọn tó bá fẹ́ nájà ṣe ń ṣe. Tíṣà ti tètè dé láti iléèwé. Ó dúró ti ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun dán an wò. Ó jókòó, ó tẹ àṣẹ rẹ̀, ìwé jáde. Ọ̀rọ̀ kún un láti etí dé etí, kò sí àléébù kankan. Tíṣà náà tẹ tirẹ̀, ó pé pérépéré. Wọ́n ní kí Ìyá Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́. Tirẹ̀ jáde ní roboto, funfun yí ká.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ̀rọ yìí kò ní àrùn. Ọwọ́ yín ni kò fẹ́."

Ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà, kò mọ̀ pé ibi tó ń dun obìnrin náà ni òun tẹ̀. Ìyá Atẹ̀wé na ọwọ́, ó mú ìwé tí ọkùnrin náà tẹ̀, ó gbé e sókè ní ọ̀ọ́kán láti fi dá a lóhùn. "Èyí tí ẹ tẹ̀ yìí náà ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti jẹ etí ẹ̀ ni?"

Afẹ́fẹ́ fáànù ń mi ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì," Tíṣà wí, "ìwé yẹn pé."

"Kò pé."

"Mọ́mì, ó pé."

Tíṣà gba ìwé náà, ó gbé e dúró síwájú ojú ìyá rẹ̀, ó fi ìka kan sí àárín gbùngbùn. Ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣubú ló fi sọ̀rọ̀. "Ẹ wo ìka mi. Ẹ má gbé ojú yín kúrò níbẹ̀. Kí lẹ rí létí òsì?"

"Funfun ni."

"Létí ọ̀tún?"

"Funfun ni, Tíṣà. Kí ló dé?"

Tíṣà ń fi ìka kejì tọ ojú ìwé wá láti etí, ó ń béèrè pé, "Níbí ńkọ́? Níbí ńkọ́?" Ibi tí ìyá rẹ̀ bá ti ní "mo rí i," á fi bírò sàmì síbẹ̀. Nígbà tó yí i ká tán, ó so àwọn àmì náà pọ̀. Ó wá mú ìwé tí ìyá rẹ̀ tẹ̀, ó gbé e lé e lórí, ó gbé méjèèjì sójú fèrèsé. Ìlà bírò náà bọ́ sí ẹ̀bá ibi tí ọ̀rọ̀ ti dópin, yíká-yíká, títí dé ibi tó jìn wọnú lókè lápá òsì.

Ọkùnrin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ṣí fìlà. Ó ní òun yóò padà wá, àmọ́ ojú rẹ̀ ń sọ pé òun kò ní padà wá.

Ìyá Atẹ̀wé jókòó lórí àga ọkọ rẹ̀. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù tó wá bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ló ń bà á lẹ́rù. Ó na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wo iwájú gan-an, ó ń ju àwọn ìka rẹ̀. Kò rí wọn. Ó ti pẹ́ tí kò ti rí wọn, kò sì mọ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ dókítà ojú. Obìnrin ni dókítà náà, ọwọ́ rẹ̀ tutù, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní kí Ìyá Atẹ̀wé gbé àgbọ̀n lé ibì kan, ó bo ojú kan, ó ní kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tó bá rí iná kékeré. Iná ń tàn. Tíṣà tó jókòó lẹ́yìn ń gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe ń dún, ó sì ń gbọ́ ìgbà tí kò dún. Àìdún náà pọ̀ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ẹ̀rọ dókítà tẹ ìwé méjì jáde, ojú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Dókítà gbé méjèèjì léra wọn sí ìmọ́lẹ̀ láti rí ohun tó kù fún ojú méjèèjì lápapọ̀. Tíṣà yọ ìwé tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dókítà wò ó pẹ́, nítorí bó ṣe rí gan-an ni tiwọn náà rí.

"Ta ló ya èyí fún yín?"

"Ẹ sọ ohun tó ń ṣe mí fún mi ná," ni Ìyá Atẹ̀wé wí.

Dókítà sọ ọ́. Ó ní inú ẹyin ojú ló ń le jù, ó ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Kì í dunni, kì í ta, láti ẹ̀gbẹ́ ló sì ń wọlé. Ohun tó ti mú lọ, kò ní dá a padà. Àmọ́ oògùn wà tí wọn yóò máa kán sójú lójoojúmọ́, èyí tó kù kò sì ní lọ.

"Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ọwọ́ ni wọn ì bá máa fà yín wọlé. Èèyàn kì í sábà mọ̀ fúnra ẹ̀. Ta ló ṣàkíyèsí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Ọkọ tó ń wo ìyàwó ẹ̀ tó báyìí kò wọ́pọ̀."

Omijé ti dé ojú Ìyá Atẹ̀wé, ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí. "Wọ́n á gbọ́, dókítà." Ó rántí gbogbo ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tó ti sọ sí àga tó ṣófo yẹn, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Kí wọ́n tó jáde, dókítà yíjú sí Tíṣà. Ó ní àrùn náà a máa rìn nínú ẹbí, kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ náà wá yẹ ojú wò. Tíṣà ní àwọn yóò wá tí iléèwé bá gba ìsinmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Atẹ̀wé jókòó, ó tẹ àṣẹ: ẹ̀dà kan, ojú kan. Ìwé jáde. Ó pé. Ó gbé ojú rẹ̀ rìn lórí rẹ̀ láti igun dé igun, bí dókítà ṣe kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kún ibi gbogbo. Ó tún tẹ òmíràn, òun náà pé. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi àṣẹ náà hàn òun, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ohun tó tẹ̀ lé e.

Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà yàrá ẹ̀yìn náà wá dákẹ́ jù. Ó tẹ bọ́tìnnì gígùn nì lẹ́ẹ̀mejì, ko, ko, ó dúró. Kò sí ìdáhùn. "Ẹ ti jẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ wá lọ," ó wí. "Ẹ ò tilẹ̀ dágbére." Kò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Bó ṣe ń nujú ni Tíṣà wọlé láti iléèwé, ó ń yára, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ tẹ ẹ̀kọ́ ọ̀la. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ àṣẹ rẹ̀ wàrà-wàrà, ẹ̀rọ hó. Ìwé kan ṣoṣo jáde. Ó na ọwọ́ sí i, àmọ́ ìyá rẹ̀ ló sún mọ́ ọn, òun ló mú un.

"Ó dáa, àbí?" Tíṣà béèrè. Ó yọ orí wò ó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Ó dáa. Kò jẹ nǹkan kan lónìí."

Ìyá Atẹ̀wé ń gbé ojú rẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pé. Òkè pé. Létí ọ̀tún, nítòsí igun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sí níbi tó yẹ kó wà. Àyè náà kò fẹ̀ ju èékánná lọ.

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó tì í bọ báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì dókítà ojú, ó pa ẹ̀rọ.

"Mọ́mì, mi ò tíì ṣe tán."

"Wọ bàtà ẹ."

"Níbo là ń lọ? Mo ní iṣẹ́ lọ́la—"

"Ọmọ mi," ìyá rẹ̀ wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, "bàbá ẹ ń pè ẹ́. Wọ bàtà ẹ."